Ẹsẹ̀ Tí Mo Tẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé wa ládé ní Kálímínọ́sì,
àlùfáà kàwé dé ibi tí gbogbo obìnrin ń dúró dè,
ibi tí wọ́n ti ní kí ìyàwó máa bẹ̀rù ọkọ.
Àṣà erékùṣù wa ni: mo gbé gìgísẹ̀ bàtà mi sókè,
mo fi tẹ Tẹmẹ́lísì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún,
kì í ṣe títẹ̀ eré.
Ó lajú gbòò. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín.
Àlùfáà pàápàá fi irùngbọ̀n bo ẹnu.

Adé òdòdó méjì, rìbọ́ọ̀nù funfun kan ló so wọ́n pọ̀.
A mu wáìnì nínú ife kan, a yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹta,
mo ń rò pé mo ti di ayaba.
Ìyá-ìyá mi ló fà mí létí lẹ́yìn oúnjẹ:
"Sẹfásítì, má jẹ́ kí adé yẹn pa ọ́ bí ọtí.
Adé ọba kọ́ o. Adé àwọn ajẹ́rìíkú ni."
Mo rò pé wáìnì ló ń sọ̀rọ̀.

Ọdún kẹrin, lẹ́yìn Àjíǹde, ọkọ̀ kó àwọn ọkùnrin lọ
síbi tí kànrìnkàn ti ń hù lábẹ́ òkun.
Tẹmẹ́lísì wọ ìsàlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀,
wọ́n fà á sókè kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó múra.
Orí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé e dé èbúté.
Láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀, àfi bí ara tí wọ́n yá a.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé láti Dáwìnì, l'Ọ́sirélíà:
"Máa bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹ́.
Ọlọ́run kò ní bínú."
Mo mú lẹ́tà náà lọ bá àlùfáà.
Kò wàásù. Ó ń tún àtùpà ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo.
Ó ní: "Nígbà tí mo so yín pọ̀, ta ni mo ní kó ṣèlérí?"
Mo ronú, ronú.
Òótọ́ ni: nínú ìsìn wa, kò sẹ́ni tó ń ṣèlérí.
Wọ́n kàn ń gbàdúrà lé yín lórí ni, títí ọrùn á fi wọ̀ yín.
"Kò sí ìlérí tó o máa dà," ó ní.
"Àdúrà ló wà. O lọ o, o dúró o, ìyẹn ò ní parí."
Mo bínú sí i. Ìbá rọrùn ká ní ó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀.
Mo padà sílé torí pé ẹ̀wà wà lórí iná.

Ogójì ọdún ó lé. Mi ò ní parọ́ fún un yín:
àwọn alẹ́ kan wà tí mo kórìíra ìró mímí rẹ̀,
àwọn alẹ́ kan wà tó kọjú sí ògiri,
tí kò jẹ́ kí n wẹ òun, torí ìtìjú.
Ṣùgbọ́n òun ló ń gé kànrìnkàn tí a fi ń jẹun,
òun ló ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà,
nísinsìnyí tí awọ funfun sì ti bo ojú mi,
òun ló ń ka ara ìgò oògùn fún mi,
tó ń sọ àwọ̀ òkun fún mi láti ojú fèrèsé,
tó ń fi irọ́ díẹ̀ sí i kó lè dùn.

Wọ́n ní ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí.
Ọwọ́ mẹ́rin la ní, ẹsẹ̀ méjì, ojú méjì.
Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Àwa ò mọ̀ ọ́n ṣírò.

Àwọn adé náà wà nínú àpótí dígí lókè ibùsùn.
Òdòdó wọn ti pọ́n bí eyín arúgbó.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù,
wọ́n á dé tirẹ̀ fún un.
Tẹmẹ́lísì ní sísọ́ọ̀sì òun ni kí wọ́n lò, torí ó mú.

Lálaalẹ́ mo máa ń fi òróró ólífì ra ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn,
mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí bàtà mi tẹ̀.
"Ṣé ó ń dùn ọ́?"
Láti ogójì ọdún, rárá ló ń wí.
Lánàá, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní:
"Yéè! Rọra, obìnrin yìí."
Mo mọ̀ pé irọ́ ni.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún pariwo.